Igbó àti àwọn ọ̀dọ́: èsì wo ni òbí yóò fún ọmọ rẹ̀?

Bí òbí kan ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, bá bá ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 15 wí nítorí igbó, ọmọ náà lè dáhùn pé: « Ẹ má bínú, bàbá. Ṣebí òfin ti gbà á láyè ní Kánádà? » Kí ni òbí yóò fi fèsì?

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2018, Kánádà fún àgbàlagbà láyè láti ra igbó. Kò fún ọmọdé láyè. Ní Québec, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ rà á. Bákan náà ni ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-ìtajà igbó ti ṣí ní ọdún 2014.

Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ń rà á ní gbangba, ṣé àwọn ọ̀dọ́ kò ní í máa fà á sí i? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ àgbà ni yóò ṣe. Àwọn mìíràn ní rárá: ẹni tí ń tà á ní kọ̀rọ̀ kì í béèrè ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ béèrè. Ìwádìí láàrin àwọn ọmọ ilé-ìwé Colorado kò fi hàn pé àwọn tí ń fà á pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ní Kánádà, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n gbé lọ sí ilé-ìwòsàn nítorí pé wọ́n ṣèèṣì jẹ ohun dídùn tí a fi igbó ṣe pọ̀ sí i.

Ní ilẹ̀ Benin, òfin 97-025 ti ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 1997 kọ igbó fún àgbà àti ọmọdé. Nàìjíríà náà kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé àwọn tí ó lo igbó láàrin ọdún kan lé ní mílíọ̀nù 10. Láti Ìgòlò, ní Ìfọ̀nyìn, ẹni tó bá ré ibodè kọjá ti dé Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé.

Nítorí náà, òfin nìkan kò tó láti dá ọmọ dúró. Àwọn dókítà sọ pé ọpọlọ ènìyàn ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25. Igbó a máa ba ìrántí ọ̀dọ́ jẹ́, a sì máa dí i lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́. Èsì òbí nìyí: « Ọmọ mi, ní Kánádà pàápàá, ọmọ ọdún 15 kò gbọdọ̀ rà á. » Lẹ́yìn náà, kí ó fi sùúrù béèrè ẹni tó fún un, kí ó sì mú un lọ bá àwọn oníṣègùn bí ó bá ti mọ́ ọn lára.

Àwọn àgbà ní: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.