Asẹ́ Tuntun Lẹ́nu Kabúrétọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ẹni tí ń gun alùpùpù, ó kan ẹni tí ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kan ọmọ ilé-ìwé tí ó fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo.

Bí ẹ bá ti dé Ìkógòsì rí, ẹ ó ti rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣàn wá. Bí wọ́n bá pàdé tán, wọ́n a di omi kan tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wí pé òjò ńlá rọ̀, omi tútù kún sí i, ṣùgbọ́n omi gbígbóná kò kún. Ǹjẹ́ ibi ìpàdé náà yóò ha lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá bí? Rárá o. Bí a bá bu kún ọ̀kan tí a kò bu kún èkejì, àdàpọ̀ wọn yóò yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn kabúrétọ̀ rí.

Kabúrétọ̀ ni ibi tí afẹ́fẹ́ àti epo bẹntiróòlù ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Púpọ̀ nínú àwọn Bajaj Boxer tí ń ná ọ̀nà oko wa ni ó ní in. Bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n, epo ìwọ̀n 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó ìwọ̀n bíi 15 kí ó lè jó tán. Ní àárín kabúrétọ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún bí ọrùn ìgò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré gba ibẹ̀ kọjá, ìtì rẹ̀ a dín kù, epo a sì gòkè láti inú àwo kékeré tí ó wà nísàlẹ̀, a gba ihò kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, a sì fọ́n ká bí ìrì. Wilhelm Maybach, ará Jámánì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú kabúrétọ̀ tí ń fọ́n epo báyìí, ní ọdún 1893.

Kí afẹ́fẹ́ tó dé ibẹ̀, yóò kọ́kọ́ gba inú asẹ́ tí ń dá eruku dúró. Asẹ́ yìí a máa dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn tí ó ṣe alùpùpù mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n ihò jẹ́ẹ̀tì.

Nísisìyí, asẹ́ kan wà lọ́jà tí kò ní àpótí, tí a ń dè mọ́ ẹnu kabúrétọ̀ gan-an. Èmi náà rà á rí. Ní ọjọ́ tí mo dè é, alùpùpù mi bú bí ẹkùn, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òsúkè mú, sàlẹ́ńsà ń yìnbọn, ẹ́ńjìnnì sì gbóná kọjá bí ó ti yẹ. Mẹkáníìkì tú pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ fún mi wò: ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ní bí mo bá ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, pisitíìnì yóò yọ́.

Kí ni ó fà á? Asẹ́ tuntun náà kò dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ tó ti àtijọ́. Afẹ́fẹ́ ń rọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ìfà tí ń fa epo gòkè láti inú jẹ́ẹ̀tì rọ̀. Epo kò bá afẹ́fẹ́ dọ́gba mọ́, iná inú ẹ́ńjìnnì sì gbóná jù.

Bí ẹ bá ti fi irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i, ẹ tọ́ kabúrétọ̀ báyìí. Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ wò bóyá rọ́bà tí ó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ti sán, nítorí afẹ́fẹ́ a máa jí gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Bí ẹ bá fa ṣóòkù díẹ̀ lórí ìrìn tí ó sì sáré dára sí i, epo ni ó kéré.

Ipa mẹ́ta ni ẹ ó tọ́. Nígbà tí alùpùpù dúró lójú kan, síkírù kékeré ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀ ni ó ń pàṣẹ. Bí síkírù náà bá wà ní ìhà asẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣọ́: bí ẹ bá tú u síta, epo yóò kéré sí i. Bí ó bá wà ní ìhà ẹ́ńjìnnì, epo ni ó ń ṣọ́: bí ẹ bá tú u síta, epo yóò pọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ bá lọ́ ọwọ́ iná dé àárín, abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ìdè orí rẹ̀ kalẹ̀ sí ojú kan nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ yóò ga, epo yóò sì pọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ bá lọ́ ọ dé òpin, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀; ẹ fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì kọ ohun tí ẹ yí sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì. Bí ẹnu rẹ̀ bá funfun, epo kéré. Bí ó bá dúdú pẹ̀lú èédú, epo pọ̀ jù. Bí ó bá rí bí àwọ̀ amọ̀ pupa rúsúrúsú, ó dára.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mo ti ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé bí epo tí ń wọ ẹ́ńjìnnì bá kéré, èrè ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Pisitíìnì tí ó yọ́ yóò jẹ owó epo ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọlọ́kadà tí alùpùpù rẹ̀ kú sí ọ̀nà Aramọkọ kò sì ní rí owó ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ aboyún ni ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńkọ́?

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ọ̀nà wa pupa, eruku ọyẹ́ sì pọ̀. Eruku tí ó bá wọ sílíńdà a máa ha á bí yanrìn ṣe ń ha àwo. Fún iṣẹ́ òòjọ́, asẹ́ tí ó bá alùpùpù wá ni ó yẹ ẹ jù lọ. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù tí iná lè ràn. Ẹ sá a gbẹ, ẹ fi epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa á, ẹ fún un gbẹ, kí ẹ sì dá a padà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ asẹ́ tuntun dandan, kí ó rántí ibi ìpàdé omi Ìkógòsì: bí ọ̀kan bá kún, kí èkejì náà kún.