Èèrà inú ilé

Èèrà inú ilé ni àwọn èèrà tí wọ́n máa ń wọ ilé gbígbé láti wá oúnjẹ, omi tàbí ibi tí wọn yóò fi ṣe ìtẹ́. Ayaba ni ó ń yé ẹyin nínú ìtẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́, tí gbogbo wọn jẹ́ abo, ni ó ń jáde lọ wá oúnjẹ. Díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni onílé ń rí, ìdí nìyí tí pípa àwọn tí ó wà lára ògiri kò fi lè mú wọn tán.

Dídá wọn mọ̀

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó nira jù lọ láti lé ni Monomorium pharaonis. Kò gùn ju bíi mìlímítà 2 lọ. Ara rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ sì dúdú. Inú ògiri tí ó sán ni ó sábà máa ń fara pamọ́ sí.

Ìjàlọ (Dorylus) kì í gbé inú ilé. Ó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́wọ̀ọ́wọ́ ni, pàápàá ní àsìkò òjò, a sì máa jẹ aáyán àti àkekèé ibẹ̀ run kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n ó lè pa adìẹ tí a há mọ́ inú àgò, nítorí náà ọmọ ọwọ́ àti ẹran ìso ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kúrò.

Ikán kì í ṣe èèrà. Ìbátan aáyán ni. Ìbàdí èèrà tín-ín-rín, ti ikán kò rí bẹ́ẹ̀.

Dídènà

Èèrà tí ó bá rí oúnjẹ máa ń fi òórùn sí ojú ọ̀nà bí ó ti ń padà sílé, òun sì ni àwọn yòókù ń tọ̀. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ ọ̀wọ́ náà dé ihò tí ó gbà wọlé, kí a dí i, kí a tó fi omi ọṣẹ nu ojú ọ̀nà náà. Gbígbé ìkòkò ọbẹ̀ ka inú àwo omi, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ìkòkò kò bá ti kan ògiri.

Ayaba pọ̀ nínú ìtẹ́ Monomorium pharaonis, nítorí náà fífín oògùn sí i lè mú kí ìtẹ́ kan pín sí púpọ̀. Ìdẹ ni ó yẹ ẹ́: boric acid díẹ̀ tí a pò mọ́ omi ṣúgà. Kì í pa òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, èyí ni ó ń jẹ́ kí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ayaba. Májèlé ni, kò sì gbọdọ̀ sí níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fín dichlorvos, oògùn oko, sínú yàrá. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ tí ó jẹ́ mílílítà 100 ní ọjà gbangba, nítorí pé ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá fa èéfín rẹ̀ símú, tí mímí sì nira fún un, gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrá náà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.