Ẹ́ńjìnnì olórí méjì: ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó ra páàtì

Níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ àti níbi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo l'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ kan ni wọ́n sábà máa ń pe ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó bá ti pẹ́: Lísítà. Bó jẹ́ ojúlówó, bó jẹ́ ẹ̀dà, bó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn pátápátá, Lísítà náà ni. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, àfi lọ́jọ́ tí rìǹgì bá jẹ, tí ẹni tó ni ín kówó lé mẹkáníìkì lọ́wọ́ pé kó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, kó lọ ra "páàtì Lísítà". Ọkọ̀ ti gbówó àlọ àtàbọ̀, páàtì kò sì wọlé.

Èyí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni olórí méjì, ìyẹn èyí tó ní sílíńdà méjì. Olórí kan ló wọ́pọ̀, òun sì lojú mẹkáníìkì mọ̀. Tẹ́nì kan bá wá jogún olórí méjì tí àwo orúkọ ara rẹ̀ ti já dànù, ó rọrùn láti pè é ní irin lásán, kó tà á lórí ìwọ̀n kílò fáwọn tó ń ra irin àlòkù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ páàtì ẹ̀ lè wà lọ́jà.

Ìlú Dursley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Robert Ashton Lister ti dá ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1867. Ẹ́ńjìnnì tó gbayì jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni CS, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1929, tí wọ́n sì ń ṣe títí di 1987. Ní 1986, wọ́n pa Lister pọ̀ mọ́ Petter, tóun náà ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí "Lister-Petter" lára àwo, 1986 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe é. "R. A. Lister" nìkan sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tó ṣáájú.

Àwo yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi kẹrosíìnì àti àkísà nu gíríìsì kúrò. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á o, torí ó lè pa lẹ́tà tó kù rẹ́. Tó bá jẹ́ CS, ẹ máa rí nọ́ńbà méjì tí igi fà sí láàárín. 6/1 túmọ̀ sí agbára ẹṣin 6, sílíńdà 1. 12/2 jẹ́ agbára ẹṣin 12, sílíńdà 2. Ìgbà 650 làwọn méjèèjì ń yípo ní ìṣẹ́jú kan. 5/1 àti 10/2 tó ṣáájú wọn ń yípo nígbà 600.

Ibi tówó wà nìyí: 12/2 dà bíi 6/1 méjì tí wọ́n so pọ̀. Pístọ̀nù, rìǹgì àti orí kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá mọ èyí á kàn ra rìǹgì 6/1 ọ̀nà méjì ni. Kíráǹkì, káàmù àti ilé irin tó gbé wọn ni wọ́n ti yàtọ̀, tí kíráǹkì bá sì ti kán, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó ní sùúrù.

Lára àwọn tí afẹ́fẹ́ ń tù, lẹ́tà ló ṣáájú, nọ́ńbà ìparí sì ni iye sílíńdà. SR2 àti ST2 ti Lister, PH2 ti Petter, olórí méjì ni gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá rí PH2W, omi ló ń tu ìyẹn.

Bí kò bá sí àwo ńkọ́? Ẹ má gba ọ̀dà gbọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè kun irin ní àwọ̀ ewé. Ẹ má sì gba nọ́ńbà tó yọ gbòǹgbò lára irin fún nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, torí ti páàtì yẹn nìkan ni, láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Èyí tí wọ́n fi irin tẹ̀ wọnú lẹ̀ ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ ka nósù: méjì ni ti olórí méjì. Ẹ wò ó bóyá páìpù omi ló ní tàbí abẹ́bẹ́ irin wẹ́wẹ́ yí sílíńdà ká. Tí mẹkáníìkì bá ti ṣí orí ẹ̀, kó wọn ẹnu sílíńdà: ti CS jẹ́ mìlímítà 114.3, pístọ̀nù rẹ̀ sì ń rin 139.7 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá fẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti jẹ tàbí wọ́n ti gbẹ́ ẹ rí.

Ìwọ̀n nìkan kò fi ojúlówó hàn, torí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà CS nílẹ̀ Íńdíà, pàápàá ní ìlú Rajkot; "Lister type" ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ẹ̀dà ń ṣiṣẹ́, kò sírọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo páàtì ẹ̀ ló bá ti Dursley mu. Ẹ mú ògbólógbòó páàtì dání lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ gbé e lé tuntun kẹ́ ẹ tó sanwó.

Fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, ohun tí CS dúró fún ni pé ó ń jí ní tútù, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ná an níná. Kí ẹni tó ń tà á tó yí i, ẹ fọwọ́ kan orí méjèèjì. Tí wọ́n bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti jí i kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù ná.