Eré Mítà 800: Má Ná Agbára Rẹ Tán Ní Ìyípo Àkọ́kọ́

Gbogbo ìgbà tí àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bá pàdé lórí pápá la máa ń rí i. Ìbọn á dún, ẹnì kan á tú eré mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, gbogbo wa á máa pariwo orúkọ rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa ku mítà 200, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wúwo bí irin, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa kọjá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn á ní kò lágbára tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ bó ṣe yẹ kó ná èyí tó ní ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyípo pápá kan jẹ́ mítà 400. Bí o bá fẹ́ sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16, ìyípo kọ̀ọ̀kan á gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 68, mítà 200 á gba 34, mítà 100 á gba 17. Bí aago bá wá ka 29 ní mítà 200 àkọ́kọ́, má yọ̀. O ti yá ìṣẹ́jú-àáyá 5, ara rẹ ló sì máa san gbèsè náà, tèlé-tèlé.

Ìdí ni pé iṣan ara nílò ọ́síjìn. Bí eré bá ti le ju ohun tí èémí lè gbé wá lọ, iṣan á ṣì máa rí agbára lò, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Kò sẹ́ni tó ń sá mítà 800 tó lè yẹ èyí sílẹ̀. Ìgbà tó máa dé lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo Dave Wottle, ọmọ Amẹ́ríkà tó dé fìlà sáré ní Òlíńpíìkì Munich lọ́dún 1972. Òun ló gbẹ̀yìn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìparí, ó fi ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ṣíwájú Yevgeny Arzhanov, ó sì gba góòlù. Lójú òǹwòran, ńṣe ló dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú eré sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mítà 200 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sá jẹ́ nǹkan bíi 26.4, 26.9, 26.4 àti 26.2. Eré kan náà ló ń sá bọ̀. Àwọn yòókù ló ti rẹ̀.

Èyí kò ní kí gbogbo èèyàn máa gbẹ̀yìn o. Nígbà tí David Rudisha, ọmọ Kẹ́ńyà, fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40.91 gba góòlù ní London lọ́dún 2012, òun ló ṣíwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyípo àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 49.28, èkejì 51.63. Ó yára ní ìbẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò pé ìṣẹ́jú-àáyá 3. Ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdíje, ẹ sá mítà 200 léraléra nígbà ìdánrawò, kí ọ̀rẹ́ yín máa fi fóònù ka àkókò. Kí ẹ tó wo aago, ẹ kọ́kọ́ sọ iye tí ẹ rò pé ó jẹ́. Lọ́jọ́ tí àròsọ yín àti aago bá bára mu, ẹ ti ń di olùsáré nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́.