Owó Aláìníṣẹ́ àti Alágbàṣe Èbúté Àpápá

Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń béèrè ní Ìlú Ọba pé kí aláìníṣẹ́ tí yóò gba owó ìrànwọ́ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí bí yóò ṣe máa wá iṣẹ́. Àwọn kan ṣì ń fẹ́ kí òfin náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àríyànjiyàn yìí wá sí Ajégúnlẹ̀. Abala 16 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dárúkọ owó aláìníṣẹ́; abala 6 ìwé kan náà sì gba agbára láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́. Ohun tí ó sún mọ́ ìrànwọ́ jù ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014: ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ó wà lórúkọ rẹ̀. Owó ara rẹ̀ mà ni!

Nígbà tí a fi èbúté Àpápá lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2006, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lè béèrè ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n alágbàṣe ojúmọ́ tí ń ti Ajégúnlẹ̀ wá ru ẹrù, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé agbanisíṣẹ́ kankan, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé òun níṣẹ́ rí? Ní tèmi, ìwé orúkọ yẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ jiyàn lé lórí.