Ìdádúró Ìgbẹ́ àti Ìdápadà Omi: Àlàyé lórí Oògùn Loperamide àti Ìrìn Ìfun

1. Ìfáárà

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọdé ní Ìgbẹmọ-Èkìtì, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè tí ará ilé àti aládùúgbò sábà máa ń bi ìyá rẹ̀ ni pé, 'Ṣé ìgbẹ́ náà ti dúró?' Ìbéèrè náà kò ṣàì mọ́gbọ́n dání, nítorí ìgbẹ́ tí ń ya ni ojú rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àrùn gan-an, ohunkóhun tí ó bá sì dá a dúró ni wọ́n kà sí ìwòsàn. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń gba ilé kẹ́mísì lọ ra oògùn tí ń mú ìgbẹ́ dúró kí ó tó ronú omi tí ọmọ yóò mu.

Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìrìn ìfun àti omi ara jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oògùn lè dín ìrìn ìfun kù kí omi ara ọmọ sì máa gbẹ lọ. Gbígbẹ omi yìí ni ó sì sábà máa ń pa ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, kì í ṣe ìgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Láti fi èyí hàn, àlàyé yóò kọ́kọ́ wáyé lórí bí ìfun ṣe ń rìn, lẹ́yìn náà lórí oògùn loperamide àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ yóò kan omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ìrẹsì Ìgbẹmọ, àti ewé tí wọ́n ń lò sí ìgbẹ́ gbuuru.

2. Bí Ìfun Ṣe Ń Rìn

Ìfun kì í ṣe ihò lásán tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Ẹran tí ó wà lára ògiri rẹ̀ pín sí ìpele méjì: ọ̀kan yí i ká bí òrùka, èkejì nà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láàárín ìpele méjèèjì ni àwọn iṣan tín-ín-rín wà tí wọ́n so kọ́ra bí àwọ̀n, tí wọ́n ń gbé ìròyìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní ọdún 1899, W. M. Bayliss àti E. H. Starling ní London ṣàlàyé pé bí oúnjẹ bá fẹ ìfun lójú kan, apá òkè ibẹ̀ yóò fún pọ̀, apá ìsàlẹ̀ yóò sì dẹ̀, oúnjẹ náà yóò sì sún síwájú. Wọ́n rí i pé ìrìn yìí kò dúró de àṣẹ ọpọlọ. Iṣan inú ìfun tó ṣe é fúnra wọn.

Ìfun tún ń po oúnjẹ sọ́tùn-ún sósì láìtì í lọ, kí ògiri rẹ̀ lè ráyè fa omi àti oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò kéré. Nínú àgbàlagbà, nǹkan bí lítà 9 omi ni ń wọ inú ìfun lójúmọ́. Bí lítà 2 nínú rẹ̀ ti ẹnu wọlé, ìyókù sì jẹ́ itọ́, òróǹro àti àwọn omi mìíràn tí ara fúnra rẹ̀ tú síbẹ̀. Ara ń fa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà; ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò tó ìdá mẹ́rin lítà kan ni ó ń bá ìgbẹ́ jáde.

Nítorí náà, ìgbẹ́ gbuuru lè ti ọ̀nà púpọ̀ wá. Ìfun lè máa yára rìn jù, kí omi má ráyè wọ ara. Ògiri ìfun lè bàjẹ́, kí ó má lè fa omi mọ́; irú èyí ni kòkòrò rotavirus ń fà lára àwọn ọmọdé. Ògiri ìfun sì lè máa tú omi àti iyọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ èyí ni àrùn onígbáméjì: ní ọdún 1959, S. N. De ní Calcutta fi hàn pé májèlé tí kòkòrò àrùn náà ń pọ̀ jáde ni ó ń fa omi náà. Ó hàn báyìí pé nínú méjì lára ọ̀nà mẹ́ta yìí, kì í ṣe ìyára ìfun ni olórí ohun tí ó bàjẹ́.

3. Oògùn Loperamide

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé opium máa ń mú kí ìgbẹ́ dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń wọ ọpọlọ, ó ń kun ènìyàn lóorun, ó lè mú kí èémí fà sẹ́yìn, ó sì ń di bárakú. Ilé iṣẹ́ Paul Janssen ní orílẹ̀-èdè Belgium wá oògùn tí yóò ṣe iṣẹ́ opium nínú ìfun láìṣe é nínú ọpọlọ. Ní ọdún 1956 wọ́n ṣe diphenoxylate, tí wọ́n ń po atropine díẹ̀ mọ́ kí ènìyàn má baà lò ó ní ìlòkulò. Ní ọdún 1969 wọ́n ṣe loperamide, tí àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní ọdún 1976.

Lára iṣan inú ìfun ni ibi kan wà tí àwọn oògùn ìdílé opium ń so mọ́, bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ ihò àgádágodo. Bí loperamide bá so mọ́ ibẹ̀, iṣan náà yóò dín èròjà acetylcholine tí ó fi ń pàṣẹ fún ẹran ìfun kù. Ìtìsíwájú yóò rọlẹ̀, oúnjẹ yóò pẹ́ nínú ìfun, omi yóò sì ráyè wọ ara. Oògùn náà tún ń mú kí ẹnu ihò ìdí fún dáadáa. Ìdí tí kì í fi í kun àgbàlagbà lóorun ni pé èròjà kan wà ní ààlà ọpọlọ tí ń tì í padà bí oníbodè.

Àǹfààní oògùn yìí kò ṣeé sẹ́. Àgbàlagbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá lójú ọ̀nà, tí kò ní ibà, tí kò sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, lè rí ìtura gbà nípa rẹ̀. Mílígíráàmù 4 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tún lo 2 lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìgbẹ́ bá ya. Ẹni tí dókítà kò bá fún ní àṣẹ kò gbọdọ̀ kọjá 8 lóòjọ́. Ní ọdún 2016, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àlòjù rẹ̀ lè da lílù ọkàn rú, ó sì lè pa ènìyàn.

4. Ibi tí Agbára Oògùn náà Mọ

Ìdí mẹ́ta ni kò fi yẹ kí wọ́n fún ọmọdé ní oògùn yìí. Èkíní ni ọ̀rọ̀ omi. Bí ògiri ìfun bá ń tú omi jáde, dídín ìrìn ìfun kù kò ní kí ó má tú u. Omi lè kó jọ sínú ìfun tí kò rìn. Ó wà nínú ikùn ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá yóò rí i pé ọmọ kò yàgbẹ́ mọ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀, nígbà tí àwújẹ̀ ọmọ náà ti jìn, tí ojú rẹ̀ ti wọnú, tí ó ń sunkún láìsí omijé, tí kò sì tọ̀ mọ́. Ohun tí ì bá kìlọ̀ fún ìyá ni oògùn ti bò mọ́lẹ̀.

Èkejì ni ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Bí kòkòrò bá ti wọ ògiri ìfun, yíya ìgbẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ara ń gbà lé e jáde. Ní ọdún 1973, H. L. DuPont àti R. B. Hornick kéde àbájáde ìwádìí wọn lórí àwọn tí kòkòrò Shigella ń bá jà: lára àwọn tí wọ́n fún ní diphenoxylate àti atropine, ibà pẹ́ kí ó tó lọ.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Ààlà ọpọlọ ọmọ-ọwọ́ kò tíì lágbára bíi ti àgbàlagbà, ìfun rẹ̀ sì lè dáwọ́ ìrìn dúró pátápátá, kí ikùn rẹ̀ wú. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí wáyé ní Pakistan, àwọn ọmọ-ọwọ́ sì kú níbẹ̀. Ní ọdún 1990 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de gbogbo irú loperamide tí wọ́n ṣe fún ọmọdé. Ìwé ìlò oògùn náà ní Amẹ́ríkà sọ pé kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

5. Iyọ̀, Ṣúgà àti Omi

Ohun tí ó mú ìdápadà omi ṣeé ṣe ni ọ̀nà kan tí àrùn kì í sábà bàjẹ́ lára ògiri ìfun. Ní ọdún 1960, Robert Crane ṣàlàyé ní ìlú Prague pé iyọ̀ àti gúlúkóòsì ń jùmọ̀ wọ ògiri ìfun ni. Bí àwọn méjèèjì bá sì wọlé, omi yóò tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyí tí omi nìkan kò fi tó, tí ṣúgà nìkan kò sì fi tó. Lára ẹni tí onígbáméjì ń ṣe pàápàá, ọ̀nà yìí ṣì ṣí sílẹ̀.

Ní ọdún 1971, nígbà ogun òmìnira Bangladesh, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ogun lé wá sí Bangaon ní ilẹ̀ India. Omi tí wọ́n ń fà sí iṣan tán lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn. Dilip Mahalanabis wá ní kí àwọn ẹbí aláìsàn máa bu omi tí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì sí fún wọn mu. Iye tí ń kú, tí ó ti tó nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, wá sí 3.6.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, mú ọ̀nà yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá. Ìlànà tí wọ́n fi kọ́ni ni pé kí wọ́n wọn omi tí ó mọ́, sẹ̀ǹtílítà 60, ìyẹn ìgò bíà kan tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ti ìgbà náà. Kí wọ́n fi ṣíbí kékeré bu iyọ̀ kan tí ó tẹ́ ṣíbí, kí wọ́n sì fi ṣúgà onígun márùn-ún tàbí ṣíbí mẹ́wàá ṣúgà lẹ́búlẹ́bú sí i. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò òde òní kò rí bákan náà mọ́. Nítorí náà iye tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí wọ́n wò. Iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọdé.

Níbi tí oògùn ORS oníyẹ̀fun inú àpò bá wà, òun ni ó dára jù. Láti ọdún 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dín iyọ̀ àti gúlúkóòsì inú rẹ̀ kù: nínú lítà kan, iyọ̀ jẹ́ gíráàmù 2.6, gúlúkóòsì sì jẹ́ 13.5, pẹ̀lú èròjà méjì mìíràn. Ní ọdún 2004, àjọ náà àti UNICEF fi síǹkì kún un: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, àti 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Kí ọmọ máa mu ọmú, kí ó sì máa jẹun lọ.

6. Ìrẹsì Ìgbẹmọ àti Ewé Oko

Ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Ìgbẹmọ, ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Irepodun/Ifelodun ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì sì kan àlàyé yìí gan-an. Bí ìrẹsì bá dà nínú ìfun, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń di gúlúkóòsì, nítorí náà ó ń bá iyọ̀ wọlé láìfa omi ara wá sínú ìfun. Àwọn olùwádìí ní Bangladesh fi ìyẹ̀fun ìrẹsì bíi gíráàmù 50 sí lítà kan rọ́pò gúlúkóòsì inú ORS, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìgbẹ́ onígbáméjì kù. Nínú ìgbẹ́ gbuuru mìíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ORS lásán lọ. Ṣùgbọ́n omi ìrẹsì tí kò níyọ̀ kò lè dá iyọ̀ tí ara pàdánù padà.

Ní ti ewé, ewé gúáfà jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń lò jù. Ní ọdún 1989, G. D. Lutterodt kọ̀wé pé quercetin inú rẹ̀ ń dín acetylcholine tí ń jáde nínú ìfun kù. Ọ̀nà yìí kò jìnnà sí ti loperamide. Láti dán irú ewé báyìí wò nínú yàrá ìwádìí, wọ́n máa ń fún eku ní èédú lílọ̀ mu, kí wọ́n sì wọn ibi tí èédú náà rìn dé nínú ìfun. Èyí ń dáhùn ìbéèrè ìrìn nìkan. Ọ̀nà mìíràn, tí André Robert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1976, ń wọn omi tí ó kó jọ sínú ìfun. Àgbo tí ó bá dá èédú dúró, tí omi sì ṣì pọ̀ nínú ìfun, kò tíì wo ìgbẹ́ gbuuru sàn. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí ń wádìí ewé Èkìtì ṣe ìdánwò méjèèjì.

7. Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí ti fi hàn pé loperamide ń ṣe ohun tí wọ́n ṣe é fún: ó ń mú kí ìfun rọra rìn. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó dá omi àti iyọ̀ padà fún ẹni tí ó ti pàdánù wọn. Ìyàtọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ nípa lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ikú tàbí ìyè fún ọmọ-ọwọ́.

Ó yẹ kí èdè tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ìyá tẹ̀ lé ìmọ̀ yìí. Níwọ̀n ìgbà tí ìkéde bá ń sọ̀rọ̀ oògùn tí ń 'dá ìgbẹ́ dúró', oògùn ìdádúró ni wọn yóò máa wá kiri. Bí ó bá jẹ́ omi tí ó lọ ni wọ́n ní kí ìyá 'dá padà', yóò mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe láti ìgbà àkọ́kọ́ tí ìgbẹ́ bá ya. Yóò bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ, yóò sì máa wo àwújẹ̀ àti ojú rẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè mu, tí ó ń bì ṣáá, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ jù, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ láìjáfara. Omi kò lọ́tàá, ni àwọn Yorùbá wí. Nínú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, omi àti iyọ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́.