Ohun èlò eré orí ìtàgé: inú ṣọ́ọ̀bù wa ló wà

(Ọ̀rọ̀ ohùn àdímìn, tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ)

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Jenta Adamu àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò ní Terminus.

Ọ̀rọ̀ eré tí àwọn ọmọ wa fẹ́ ṣe ní ìparí ọdún ni o. Àwọn kan ní ká dáwó jọ, ká lọ háyà aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé, adé àti idà láti Èkó. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí kálukú lè mọ ohun tá a fẹ́ náwó lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ṣáájú. Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì ń gbé eré kiri Nàìjíríà. Ó dé Jos yìí gan-an. Ní 1946 ló gbé Strike and Hunger wá síbí, eré tó dá lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de eré náà, wọ́n sì ní kó san ìtanràn £125. Ibi tí Yorùbá bá ti ń ṣòwò ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré máa ń tọ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni òǹwòran wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi lọ́rì káàkiri kò lè ru ilé dání. Ohunkóhun tó bá máa wọ lọ́rì gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó ṣeé ká, kó sì ṣeé tò kíákíá. Òfin iṣẹ́ náà nìyẹn títí dòní.

Ní 1963, nígbà tí Kola Ogunmola ṣe eré Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n mú látinú ìwé Amos Tutuola, Demas Nwoko ló ṣètò bí ìtàgé àti aṣọ àwọn òṣèré ṣe máa rí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ló yẹ kó ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà ná, kí àwọ̀ ògiri má bàa bá àwọ̀ aṣọ jà.

Ó yá, aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé. Aṣọ funfun tó nípọn la máa lò. Ẹ rán an pọ̀ kí ojú rírán rẹ̀ dùbúlẹ̀, kó má dúró lóòró, kó lè so gbọọrọ láì hunjọ. Ẹ fi sítáàṣì pa á, kí ó gbẹ, kó má bàa fa pẹ́ńtì mu jù. Ẹ ya àwòrán sórí bébà, kẹ́ ẹ pín in sí ìlà onígun mẹ́rin: ínṣì kan lórí bébà dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan lórí aṣọ. Okùn tá a fi èédú pa la ó fi na ìlà sórí aṣọ, bí àwọn káfíńtà ṣe ń ṣe é. Pẹ́ńtì tí a ń fi omi pò ni kẹ́ ẹ lò o. Èyí tó ń dán ń kọ mànà nínú iná, ó tún máa ń sán bí a bá ká aṣọ. Ẹ má ya nǹkan wẹ́wẹ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò ní rí i. Ìlà dúdú tó nípọn ló máa ń gbé ilé àti igi jáde. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ yí i mọ́ ọ̀pá gígùn, ẹ má ṣe pọ́n ọn bí aṣọ àpótí.

Idà: ẹ gé pílíwúùdù, ẹ fi sáńpépà pa etí rẹ̀ títí kò fi ní lè gé ọmọ, ẹ wá fi pẹ́ńtì fàdákà kùn ún. Adé: páálí ni ìpìlẹ̀. Ẹ ya bébà ìròyìn wẹ́wẹ́, ẹ fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ ní ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, lẹ́yìn náà ẹ lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀: zobo tó ki pẹ̀lú sítáàṣì díẹ̀. Owó: ẹ gé bébà lásán. Ẹ má ṣe fọ́tòkọ́pì náírà o, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù nìyí: ìbọn. Ní ìlú tá a wà yìí, gbogbo wa la mọ ohun tójú wa ti rí. Ọmọ tó gbé ìbọn igi tí wọ́n kùn ní dúdú lọ síbi tí ṣọ́jà ti ń dá mọ́tò dúró, ta ló máa ṣàlàyé fún ṣọ́jà pé eré ni? Òkùnkùn kì í béèrè ìbéèrè. Nítorí náà, ibi tí a ó ti ṣeré ni ká ti ṣe gbogbo ìbọn àti idà, ibẹ̀ ni kó sì sùn. Bó bá di dandan ká gbé wọn, àgbà ni kó gbé e, lọ́sàn-án, nínú àpò tá a dì, pẹ̀lú ìwé láti ọwọ́ àwọn aṣáájú wa. Èyí tó dára jù ni ká kun ìbọn náà ní àwọ̀ pupa tàbí yẹ́lò. Òǹwòran á gbà pé ìbọn ni, ṣọ́jà kò sì ní tètè ṣì í mú.

Ohun méjì tó kù ni atẹ́gùn àti iná. Atẹ́gùn ọyẹ́ orí òkè yìí máa ń gbé aṣọ fífẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, férémù á sì wó lu ọmọ. Ẹ gbé àpò iyanrìn lé ẹsẹ̀ férémù, kẹ́ ẹ sì fi okùn fà á sẹ́yìn. Ẹ má tan àbẹ́là nítòsí rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àti pẹtiróòlù wà lọ́nà jíjìn, kí omi àti iyanrìn sì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé.

Ẹ wá wò ó báyìí. Pílánkì wà ní Katako. Aṣọ, pẹ́ńtì, ìlẹ̀kẹ̀, páálí, àwa náà là ń tà á. Bá a bá háyà, owó lọ, ẹrù náà á sì padà sí Èkó. Bá a bá ṣe é, àwọn ọmọ á kọ́ iṣẹ́, ẹrù á sì wà fún ọdún tó ń bọ̀. Àwọn òbí tó lè yọ̀ǹda káfíńtà tàbí téló fún ọjọ́ méjì, ẹ kọ orúkọ yín sí ìsàlẹ̀. Àwọn tó ṣì fẹ́ ká háyà, ẹ sọ ìdí yín, kò síjà.